Ohun Tí Fóònù Pè Ní Ariwo

Àwọn ènìyàn máa ń bi mí léèrè kí wọ́n tó ra fóònù. Kì í ṣe pé mò ń tà á. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Orè ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà láti ìgbà tí mo ti sin ìlú tán, àwọn òbí sì gbà pé ẹni tó bá mọ kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ mọ fóònù. Mi kì í dáhùn kíákíá. Mo máa ń béèrè ibi tí ẹni náà ń gbé, bóyá iná ń dé ibẹ̀, ta ni ó fẹ́ máa bá sọ̀rọ̀, ṣé ojú rẹ̀ ṣì ń ríran dáadáa. Lẹ́yìn náà ni màá tó sọ ohun tí fóònù náà lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Màámi máa ń fi èyí ṣe mí ní yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ fẹ́ ìyàwó, màá kọ́kọ́ béèrè bí bátìrì rẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó.

Màámi ti kú. Fóònù tiwọn nìkan ni mi ò tíì lè dá ẹjọ́ rẹ̀ parí. Ohun kan ṣoṣo tí bàbá mi béèrè lọ́wọ́ mi lẹ́yìn ìsìnkú, inú fóònù yẹn ló yẹ kó wà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Èkó ló rà á. Ó ní òun fẹ́ máa rí ojú màámi, pé ohùn nìkan kò tó òun mọ́. Kí ó tó dé, fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni màámi ń lò, irú èyí tí bàbá mi ṣì ń lò, tó máa ń jábọ́ sínú ẹrọ̀fọ̀ tí wọ́n á sì kàn nù ún sára ṣòkòtò. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé abúlé wa wà nínú lọ́hùn-ún, lọ́nà Àgọ́ Aláyè, pé iná kì í fi bẹ́ẹ̀ sí, pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì máa ń tán kété tí èèyàn bá ti wọ abẹ́ kòkó. Ó ní, “Ìwọ, o tún ti bẹ̀rẹ̀.” Ó fi fóònù náà rán awakọ̀ sí mi ní Orè, mo sì gbé e lọ sílé.

Òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo sọ nípa iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́. Màámi kò mọ̀wé kọ dáadáa. Fóònù yẹn ló jẹ́ kí wọ́n lè fi ohùn ara wọn ránṣẹ́ bí ẹni ń kọ lẹ́tà. Ìkálẹ̀ là ń sọ nílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá tí gbogbo ènìyàn lè kà ni mo fi ń kọ èyí. Ìkálẹ̀ náà ni wọ́n fi ń gbàdúrà ránṣẹ́ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi láràárọ̀, ọmọ náà kò sì gbọ́ ju ìlàjì rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ti mọ ibi tí àmín wà. Bí wọ́n bá fi fọ́tò ránṣẹ́ sí màámi, wọ́n á fẹ̀ ẹ́ títí yóò fi ku ojú nìkan, wọ́n á wá sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n rẹ kò sùn dáadáa.” Wọn kì í sábà ṣì í.

Àléébù rẹ̀ náà wà. A fẹ́ kí ó máa fi ìka mọ ẹni tó ni ín. A fi àtàǹpàkò màámi hàn án títí, kò mọ̀ ọ́n. Àdá àti kòkó ti fá gbogbo ilà tó wà níbẹ̀. Màámi wo ìka wọn, wọ́n ní, “Ó ní mi ò sí.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n nu ọwọ́ sára ìró, wọ́n ní kí n fi nọ́ńbà sí i.

Ohun tí mo yìn jù nínú rẹ̀ ni bí ó ṣe ń gba ohùn sílẹ̀. Yàrá tí mo háyà ní Orè kò jìnnà sí òpópónà tó lọ sí Benin. Tírélà kì í dákẹ́ níbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ kì í dákẹ́, àwọn tó ń fi gbohùngbohùn polówó oògùn eku kì í dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fi fóònù yẹn gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀, a ò ní gbọ́ ọ̀kankan nínú wọn. Ohùn èèyàn nìkan ni yóò kù, bí ẹni pé inú ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣófo ni ẹni náà ti ń sọ̀rọ̀. Bó ṣe ti iléeṣẹ́ wá nìyẹn, kò sí ẹni nínú wa tó tan nǹkan yẹn. Mo sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ òbí ọmọ. Mo ní bí ẹ bá ń gbé lẹ́bàá títì, ẹ ra irú èyí.

Nínú oko ńkọ́, fóònù náà kò wúlò. Oko bàbá mi kò tóbi ju ti ẹlòmíràn lọ, ṣùgbọ́n kòkó ibẹ̀ ti dàgbà, ewé wọn ti pàdé lókè. Ẹni méjì lè wà níbẹ̀ láti àárọ̀ kí wọ́n má rí ara wọn. Nítorí náà, ilé kọ̀ọ̀kan ní ìpè tirẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀, kì í sì í ṣe orúkọ, torí a kì í pariwo orúkọ èèyàn nínú igbó nígbà tí a kò mọ ohun tó tún ń gbọ́. Igbe gígùn kan ni. Ti màámi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ àyà, á lọ gbọọrọ, níparí á wá gbéra bí ẹni tó ń gbé ẹrù ka orí. Bàbá mi á dáhùn pẹ̀lú “hòo” kan ṣoṣo, kúkúrú, bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ìpè náà ń béèrè pé, níbo lo wà? Ìdáhùn náà ń sọ pé, ibí ni mo wà. Bàbá mi á dúró síbẹ̀, wọn ò ní kúrò, títí màámi á fi gbé púpurú àti ọbẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn.

Òfin kan wà níbẹ̀. A kì í dá ìpè àkọ́kọ́ lóhùn. Wọ́n ní ohun tí kì í ṣe ènìyàn lè pe èèyàn nínú igbó, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ló máa ń pè. Díákónì ni bàbá mi, wọn ò ní gbà pé àwọn gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́. Síbẹ̀, mi ò gbọ́ ọ rí kí wọ́n dáhùn kí màámi tó pè lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ní etí àwọn ló ń lọ́ra.

Lẹ́yìn tí fóònù ńlá dé, ọkùnrin tó ni oko kejì máa ń fi màámi ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ọ̀nà. “Ìyàwó díákónì, àwọn ọmọ ra fóònù fún yín, ẹ ṣì ń kọ bí àkùkọ.” Màámi á ní, “Tiyín ńkọ́, ṣé ó ti rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti àná? Tèmi kì í tán o.”

Àsìkò tí kòkó pọ̀ lórí igi ni àìsàn wọn bẹ̀rẹ̀. Òjò ọdún náà pọ̀, bí a kò bá sì tètè ká kòkó, yóò dúdú, yóò sì jẹrà sórí igi. Ọ̀dọ̀ mi ni màámi wá ní Orè, torí ilé ìwòsàn kò jìnnà sí mi. Bàbá mi dúró ti oko. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí bàbá mi bá ti rìn dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Ọ̀rọ̀ wọn kì í gùn. Wọ́n á béèrè oúnjẹ, wọ́n á béèrè òjò. Bí ó bá di ọjọ́ ìsinmi, bàbá mi á gun ọ̀kadà wá lẹ́yìn ìsìn, wọ́n á jókòó sí ẹ̀bá bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á máa bó ọsàn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, màámi ní kí n gbé fóònù wọn wá, kí n gba nǹkan sílẹ̀ fún bàbá mi. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ni wọ́n fẹ́ sọ, tàbí àdúrà. Wọ́n mi orí.

“Ọ̀rọ̀ wo ni mo ní fún bàbá yín tí wọn ò tíì gbọ́? Wọ́n gbọ́ ọ títí ó sú wọn. Pípè ni mo fẹ́ pè wọ́n.”

Mo ní kí wọ́n má ṣe lo agbára tó kù fún wọn. Wọ́n ní kí n tẹ ohun tí mo fẹ́ tẹ̀. Mo fi ìrọ̀rí gbé wọn dìde. Wọ́n di etí bẹ́ẹ̀dì mú, wọ́n béèrè pé, “Ṣé ó ti ń gbọ́?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n pè. Kò ròkè bíi ti oko, ṣùgbọ́n ó gbéra níparí níbi tó ti máa ń gbéra. Wọ́n sinmi, wọ́n mí, wọ́n pè lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn obìnrin tó ń fọṣọ lẹ́yìn fèrèsé dákẹ́. Mo wo ògiri, mi ò lè wo ojú wọn.

“Ó tó. Pa á.”

Nígbà tí wọ́n ti dùbúlẹ̀ tán, wọ́n ní kí n má gbọ́ ọ. “Bàbá yín ló ni ín. Bí mo bá dìde, èmi fúnra mi ni màá lọ pè wọ́n lóko. Bí mi ò bá dìde, oko ni kí wọ́n ti gbọ́ ọ. A kì í pe ìpè oko nínú ilé, mo ti pè é lónìí, ó tó bẹ́ẹ̀.”

Mi ò gbọ́ ọ. Yàtọ̀ sí pé wọ́n ní kí n má gbọ́ ọ, ó dà bíi pé bí mo bá gbọ́ ọ nígbà tí wọ́n ṣì ń mí nínú yàrá kan náà, mo ti kà wọ́n mọ́ àwọn tó lọ.

Wọn ò dìde.

A sin wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ilé, níbi tí wọ́n ti máa ń sá kòkó. Ẹ̀gbọ́n mi wá, ó sì padà sí Èkó. Àwọn obìnrin ìjọ wá, wọ́n sì lọ. Nígbà tí ilé ti dákẹ́ tán, bàbá mi wá bá mi níbi tí mo ti ń ká àga jọ. Wọ́n ní, “O ní ìyá rẹ fi nǹkan sílẹ̀ fún mi.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, pé màámi ní oko ni kí wọ́n ti gbọ́ ọ. Bàbá mi wọlé lọ mú àdá, bí ẹni tó ń lọ ṣiṣẹ́.

Ibi tí a ti ń fọ́ kòkó ni wọ́n dúró sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì èèpo àti ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti gbẹ. Wọ́n ṣí fìlà. Mo tẹ̀ ẹ́. A gbọ́ ikọ́ màámi, a gbọ́ “Ṣé ó ti ń gbọ́?”, ó mọ́ kedere bí ẹni pé wọ́n dúró tì wá. Lẹ́yìn ìyẹn, a ò gbọ́ nǹkan kan. Kò sí ìró tírélà, kò sí ìró fáànù, kò sí màámi. Ó wà bẹ́ẹ̀, ó wà bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà ni ohùn wọn padà dé: “Ó tó. Pa á.”

Bàbá mi ṣì gbé orí sókè. “Ó ti tán ni?”

Mo fi kún ohùn rẹ̀, mo tún un tẹ̀. Bákan náà ni. Bàbá mi ní bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Mo ní èyí kì í lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Wọ́n dé fìlà wọn padà. Wọ́n ní kò burú, wọ́n mú ọ̀pá tí a fi ń ká kòkó, wọ́n sì wọ abẹ́ igi lọ. Mo ń gbọ́ bí kòkó ṣe ń jábọ́.

Mo gbé fóònù náà lọ fún ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní oríta Orè, lẹ́bàá ibi tí àwọn bọ́ọ̀sì ti ń pe èrò Benin. Ó fi ohun ìgbọ́rọ̀ sétí, ó gbọ́, ó wo àwọn ilà tó ń yọ lójú fóònù, ó ní, “Alákọ̀wé, fóònù yọ nǹkan kúrò níbí. Ta ló ń fọn fèrè?” Mo ní màámi ló ń pe bàbá mi. Ó ní fóònù yìí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá jọ ọ̀rọ̀, yóò fi í sílẹ̀. Ohun tó bá gùn lọ láìní ọ̀rọ̀ nínú, yóò kà á mọ́ fèrè tírélà, yóò sì yọ ọ́. Mo béèrè ibi tó ń kó ohun tó bá yọ sí. Ó rẹ́rìn-ín, ó wo ojú mi, ó sì dẹ́kun ẹ̀rín.

“Kò kó o síbì kankan. Ṣé ẹ rí ọ̀dà Àgbábù tí wọ́n fi ń ṣe títì, ó wà nílẹ̀, a kàn ò tíì wà á ni. Èyí, kò sí nílẹ̀ rárá.”

Mo lọ jókòó, mo sì ṣe ohun tí mo máa ń ṣe. Fóònù náà ṣe ohun tó sọ pé òun yóò ṣe. Bí kì í bá ṣe ohun tó ń yọ ariwo yẹn, àdúrà tí màámi gbà fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi láti yàrá mi ì bá ti rì sábẹ́ tírélà, ọmọ náà sì ṣì ń gbọ́ wọn ní gbogbo àárọ̀. Mi ò lè sọ pé nǹkan burúkú ni. Mi ò sì rò pé àwọn tó ṣe é fẹ́ ibi fún ẹnikẹ́ni. Wọn ò tíì gbọ́ kí ènìyàn pe ènìyàn lábẹ́ kòkó rí ni. Ohun tí mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn ni fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì tó wà nínú ilé. Kò gbọ́n tó láti yan ohun tí yóò gbọ́. Ì bá ti gba ìpè náà, àti fèrè, àti jẹnẹrétọ̀, àti oògùn eku, gbogbo rẹ̀ papọ̀.

Nígbà tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, ó sunkún. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó fi nǹkan ránṣẹ́. Áàpù kan wà tó lè kọ́ ohùn èèyàn, kí ó sì máa fi ohùn náà sọ ohun tí a bá fẹ́. Ó ti kó àwọn àdúrà màámi fún un, ó sì ti ní kí ó pè. Yàrá olùkọ́ ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ. Ohùn màámi ni. Ó gùn, ó sì gbéra níparí. Kò sí ikọ́ nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Má sọ fún wọn. Jẹ́ kí wọ́n kàn gbọ́ ọ, kí ọkàn wọn lè balẹ̀.”

Mo wò ó síwá, mo wò ó sẹ́yìn. Bàbá mi kò sùn dáadáa láti ìgbà ìsìnkú, bí wọ́n bá gbọ́ ọ wọ́n lè sùn. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dáhùn ńkọ́? Ta ni wọ́n ń dá lóhùn? Nítorí náà, nígbà tí mo gbé e dé oko, mo kọ́kọ́ sọ ohun tó jẹ́ fún wọn kí n tó tẹ̀ ẹ́.

Wọ́n gbọ́ méjèèjì, ìpè àkọ́kọ́ àti èkejì. Wọ́n fi ẹsẹ̀ ti èèpo kòkó kan sẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Ó jọ ọ́. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ.” Wọ́n wo fóònù náà lọ́wọ́ mi. “Ṣùgbọ́n bí ìyá rẹ bá ń pè mí, ó ń wá mi ni. Èyí kò wá ẹnikẹ́ni.”

Mo fẹ́ fi fóònù náà sápò. Wọ́n ní, “Ti àkọ́kọ́ ńkọ́, èyí tó ṣófo?”

Mo ṣí i fún wọn. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n gba fóònù náà lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e létí, mo sì dúró súnmọ́ wọn. Ikọ́. “Ṣé ó ti ń gbọ́?” Lẹ́yìn náà, ìdákẹ́jẹ́. Ìgbà yẹn ni mo tó rò ó pé fóònù yọ ohùn náà kúrò, ṣùgbọ́n kò gé àkókò rẹ̀. Ibi tí màámi ti pè ṣì wà níbẹ̀, ó gùn bí ìpè náà ṣe gùn. Bàbá mi ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣáájú mi, torí wọ́n na ìka kan sókè. Láàárín ìpè méjèèjì, ìró kékeré kan wà tí mi ò tíì kíyè sí rí, tí fóònù ti gbà pé ọ̀rọ̀ ni.

“Ó ń mí,” ni bàbá mi wí.

Ìdákẹ́jẹ́ kejì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n na ìka kejì. Ó gùn. Ìka wọn ṣì wà lókè, kò tíì parí.

“Èkejì yìí gùn ju àkọ́kọ́ lọ. Mi ò mọ̀ pé èémí tó bẹ́ẹ̀ ṣì kù nínú rẹ̀.”

“Ó tó. Pa á,” ni màámi wí. Mo pa á.

Bàbá mi kọjú sí ojú ọ̀nà tí màámi máa ń gbà wá láti ilé. Wọ́n dáhùn, hòo kan, kúkúrú, bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Lóko wa, bí a bá ti dáhùn, a kì í kúrò lójú kan, kí ẹni tó pè lè rí wa. A ò kúrò.